Orin Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oògùn

Nígbà kan rí, ọmọbìnrin Ọ̀yọ́ kì í dákẹ́ lọ sílé ọkọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sìn ín lọ, yóò wẹ̀, yóò múra, yóò kúnlẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí sun ẹkún ìyàwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìsẹ́yìn àti láwọn ìlú Ọ̀yọ́ yòókù. Láti kékeré ni àwọn ọmọbìnrin ti ń kọ́ ohùn rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ lé àwọn ẹ̀gbọ́n wọn káàkiri agboolé. Nínú ẹkún yìí ni ìyàwó ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, tó ń tọrọ àdúrà, tó sì ń sọ ohun tó ń já a láyà síta: ìyá ọkọ tí kò tíì mọ ìwà rẹ̀, orogún tó lè bá nílé, ọmọ tó lè pẹ́ kó tó dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa gbè é. Bó bá kúrò lọ́dọ̀ òbí, á kọjá sọ́dọ̀ ẹbí láti ojúlé dé ojúlé. Wọ́n á súre fún un, wọ́n á fún un lówó.

Ọ̀yọ́ ni ìyá bàbá mi ti wá sílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí a bá bi í léèrè ọjọ́ náà, kì í sọ̀rọ̀ aṣọ, kì í sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kẹ́yìn, ohùn mi ti há, àyà mi kò sì já mọ́."

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ nípa fífi orin tọ́jú ìsoríkọ́ àti àníyàn, bí ẹni pé àná ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ẹ wo ohun tí àwọn àgbà ṣe fún ọmọbìnrin yẹn. Wọn kò sọ fún un pé kó má bẹ̀rù. Wọn kò pe olórin wá kó wá dá a lára yá. Àkókò ni wọ́n fún un, àti àyè, àti ohùn tí yóò fi sọ ọ́, àti ẹgbẹ́ tí yóò gbè é, àti àgbà tí yóò jókòó gbọ́ ọ títí yóò fi parí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ orin náà. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọn kò jẹ́ kó dákẹ́.

Lónìí, bí ẹ bá dé ibi ìdána ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, alága ìdúró àti alága ìjókòó ló ń kọrin. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n ń pa wá lẹ́rìn-ín, a sì ń náwó fún wọn. Ìyàwó bo ojú, ó kúnlẹ̀, ó ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni, mà". Orin ibẹ̀ pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kò kọ ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo rí i pé ohun tó ń bọ́ lọ lọ́wọ́ wa kì í ṣe orin. Orin kún ilé, ó kún mọ́tò, ó kún fóònù. Ipò ẹni tó ń kọ ọ́ la ti fi sílẹ̀ fún àwọn tí à ń sanwó fún.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì àti lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ fífi orin ṣètọ́jú fìdí múlẹ̀ bí iṣẹ́ dókítà àti ti nọ́ọ̀sì ní Amẹ́ríkà, nígbà tí àwọn sójà ti ojú ogun dé tí ara wọn wà nílé tí ọkàn wọn kò bá wọn dé. Ní 1944, ilé-ẹ̀kọ́ gíga Michigan State bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ni ní iṣẹ́ náà títí dé oyè dìgírì; ní 1950 àwọn oníṣẹ́ náà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Láti ìgbà náà, ìyàtọ̀ ti wà láàárín ẹni tó kàn ń gbọ́ orin kí ara rẹ̀ lè balẹ̀, tí kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àti ẹni tó jókòó pẹ̀lú akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ tó mọ àìsàn tó sì mọ orin, tí àwọn méjèèjì jọ ń fi ìlù tàbí ohùn wá ohun tí ẹnu kò lè sọ.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ fún àwọn onílù. Ní 2011, Jaakko Erkkilä àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Jyväskylä, ní Finland, tẹ èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí àwọn 79 tó ní ìsoríkọ́ jáde. Gbogbo wọn ló ń gba ìtọ́jú tí ilé ìwòsàn máa ń fún irú wọn. Àwọn 33 nínú wọn tún ń pàdé olùtọ́jú tó ń fi orin ṣiṣẹ́, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, títí ìpàdé náà fi pé 20. Níbi ìpàdé yìí, kò sẹ́ni tó gbé àwo orin sí i fún wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń lu ohun èlò bó ṣe wá sí wọn lọ́kàn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ̀rọ̀ lórí ohun tí wọ́n lù. Djembe sì wà lára àwọn ohun èlò náà, ìlù ilẹ̀ Mali àti Guinea. Nígbà tó di oṣù mẹ́ta, ìsoríkọ́ àwọn tó fi orin kún ìtọ́jú ti fúyẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ, àníyàn wọn náà sì ti dínkù. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, ìyàtọ̀ àárín wọn kò fẹ̀ bíi tàkọ́kọ́ mọ́.

Ní 2017, àwọn tó ń kó ìwádìí jọ fún àjọ Cochrane yẹ iṣẹ́ 9 irú rẹ̀ wò, tí èèyàn 421 wà nínú wọn. Ìdájọ́ wọn kò gùn: orin pẹ̀lú ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ dára ju ìtọ́jú náà nìkan lọ, fún ìgbà kúkúrú. Wọn kò rí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé orin lè dá iṣẹ́ náà ṣe.

Ògbómọ̀ṣọ́ kún fún àwọn tó mọ Bíbélì, nítorí náà ìtàn Sọ́ọ̀lù àti Dáfídì kì í ṣe àjèjì síbẹ̀. Gbogbo wa la rántí pé nígbà tí ẹ̀mí búburú bá bà lé ọba, Dáfídì á ta háàpù, ara ọba á sì rọlẹ̀. Orí 16 Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní nìyẹn. Àwọn tó ń wàásù kì í sábà tẹ̀ síwájú dé orí 18, níbi tí Dáfídì ti ń ta háàpù kan náà tí Sọ́ọ̀lù fi gbé ọ̀kọ̀ jù ú. Orin náà kò bàjẹ́, ọwọ́ Dáfídì kò sì yí padà. Àìsàn ọba ló ti kọjá ohun tí háàpù nìkan lè ṣe, kò sì sí ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n fi tì í lẹ́yìn.

Ìsoríkọ́ kì í sábà jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ní in kì í wí pé inú òun kò dùn. Á ní orí ń gbóná, nǹkan ń rìn káàkiri orí òun, etí ń hó, àyà ń já. Ọdẹ orí là ń pè é. Ní 1987, dókítà R.O.A. Makanjuola tẹ iṣẹ́ jáde lórí àwọn aláìsàn Yorùbá tó ní ọdẹ orí, ó sì rí i pé ìsoríkọ́ tàbí àníyàn ló wà nídìí rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ káàkiri ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde ní 2006: nínú àgbàlagbà 100, bíi 12 ni àìsàn ọkàn kan tàbí òmíràn ti ṣe rí, àníyàn ló sì wọ́pọ̀ jù. Nínú 100 tó ń ṣe lọ́nà tó le lọ́dún tí wọ́n béèrè, bíi 8 péré ló rí ìtọ́jú kankan.

Àwọn 92 yòókù, mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí díẹ̀ ló kù kí ọ̀kan nínú ilé wa wà lára wọn. Àbúrò mi obìnrin bímọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ náà kò dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, oorun dá lójú rẹ̀. Á se oúnjẹ tán, á kàn máa wò ó. Ó ní nǹkan ń rìn lórí òun bí èèrà, pé àyà òun ń lù kìkìkì bíi ti ẹni tó sáré, bẹ́ẹ̀ orí àga ló jókòó sí. Àwọn kan ní ibà ni, wọ́n ń ra oògùn ibà fún un lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Àwọn kan ní kó gbààwẹ̀. Ìyá mi ló fà á lọ́wọ́ lọ sílé ìwòsàn níkẹyìn. Dókítà ní ìsoríkọ́ ni, ó kọ oògùn fún un, ó ní kó máa padà wá kí àwọn jọ máa sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Mà, kí lẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí ẹ kò ṣe mọ́?" Ó ní òun wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Dókítà ní, "Ẹ padà síbẹ̀. Bí ẹ kò bá lè kọrin, ẹ ṣáà lọ jókòó tì wọ́n."

Mo bá a lọ síbi ìdánrawò. Ó jókòó sáàárín àwọn olóhùn áltò, ó di ìwé orin mú, kò la ẹnu. Kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Màmá kan tó jókòó tì í kàn ń fi ìka tọ ìlà orin nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lè mọ ibi tí wọ́n dé. Nígbà tó yá, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ lábẹ́ àga. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ọjọ́ tó wá kọrin, ohùn rẹ̀ kéré débi pé ẹnikẹ́ni kò yíjú wò ó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ká ní wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà ni, bóyá kì bá tí padà wá mọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, ó ń lo oògùn rẹ̀. Oògùn náà ló jẹ́ kó sùn, kó jí, kó wẹ̀, kó sì lè dé ilé ìdánrawò. Ṣùgbọ́n kóró oògùn kò lè fi ìka tọ ìlà orin fún èèyàn. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra, àbúrò mi sì nílò méjèèjì.

Ohun tí orin ń ṣe nínú ara kò fara sin. Ẹni tí ìpayà bá mú, èémí kúkúrú kúkúrú ló ń mí. Ẹni tó ń kọrin gbọ́dọ̀ fa èémí wọlé dáadáa, kó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbólóhùn yóò fi parí. Ohun tí dókítà ń kọ́ aláìsàn pé kó máa ṣe nígbà tí àyà bá ń já nìyẹn gan-an, orin ń mú un ṣe é láìsọ fún un. Bí èèyàn mẹ́wàá bá sì jọ ń kọrin kan náà, ibì kan náà ni wọ́n ti ń mí. Ẹni tó rò pé òun nìkan ló kù láyé á bá ara rẹ̀ tó ń mí pẹ̀lú èèyàn mẹ́sàn-án. Àwọn nọ́ọ̀sì wa mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìtọ́jú aboyún, kí wọ́n tó wọn ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó wo ìfúnpá ẹnikẹ́ni, orin àti àtẹ́wọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó bá tẹ̀rùtẹ̀rù wọlé á ti máa gbe orin náà kó tó kàn án.

Ti ìlù tún yàtọ̀ díẹ̀, Ọ̀yọ́ sì ni ká lọ fún ìyẹn. Ìlú Aláàfin kò ṣàì ní àwọn ọmọ Àyàn, àwọn tí wọ́n ń fi igi òmọ̀ gbẹ́ ìlù, tí wọ́n ń fi awọ ewúrẹ́ bò ó, tí wọ́n sì ń ta ọsán rẹ̀. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyá ìlù ni gbogbo ojú ń wò. Òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ló ń ki èèyàn, òun ni ṣaworo ń dún lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo onígúdúgúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ìlù kékeré náà kọ́rùn, ọ̀já awọ méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn kan náà ló ń lù ṣáá. Kò ki ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tó ń rò ju kó má ṣe já ohùn náà lọ. Síbẹ̀, bó bá dákẹ́, ìyá ìlù kò ní ibi tí yóò tẹ ẹsẹ̀ lé.

Bí mo bá jẹ́ dókítà ọpọlọ, ìdí gúdúgúdú ni mo máa kọ́kọ́ gbé ẹni tó sorí kọ́ sí. Ìsoríkọ́ a máa gba agbára ìpinnu lọ́wọ́ èèyàn: aṣọ tó máa wọ̀, oúnjẹ tó máa jẹ, ìpè tó máa gbé, gbogbo rẹ̀ á di òkè. Gúdúgúdú kò béèrè ìpinnu kankan. Ohùn kan ṣoṣo ni, má já a. Àìsàn yìí kan náà sì máa ń sọ fún èèyàn pé kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Níbi ìlù, ó máa rí i lójú ẹsẹ̀ pé bí òun bá dákẹ́, òde á dàrú. Ní London, àwọn olùwádìí ní Royal College of Music kó àwọn tó ń gba ìtọ́jú ọkàn jọ láti jọ máa lu ìlù fún ọ̀sẹ̀ 10. Ìsoríkọ́ wọn dínkù, àníyàn wọn dínkù. Iṣẹ́ náà jáde ní 2016. Kò yẹ kó jẹ́ London ni ọmọ Ọ̀yọ́ ti máa gbọ́ pé ìlù lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Àwọn baba wa pàápàá kò fi orin nìkan wo ẹnikẹ́ni. Àwọn oníṣègùn tó ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní ewé àti egbò, asófẹ́yẹjẹ sì wà nínú rẹ̀, igi tí àwọn onímọ̀ wá rí oògùn reserpine nínú egbò rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ń gbé ilé ìwòsàn Aró dìde ní Abẹ́òkúta ní 1954, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tó yí i ká pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Síbẹ̀ aláìsàn ṣì ń lọ gba abẹ́rẹ́ àti oògùn ní ilé ìwòsàn. Ní 2020, ìwádìí Ọ̀jọ̀gbọ́n Gureje ní Nàìjíríà àti Gánà tún fi hàn pé bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀, àwọn wòlíì àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bá jọ tọ́jú àwọn tó ní àrùn ọpọlọ tó le, ara wọn ń yá ju bí wọ́n bá dá wọn tọ́jú lọ.

Ibòmíràn sì wà tí orin ti di ìyà. Ní 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé ìròyìn jáde lórí ilé ìtọ́jú 28 tí wọ́n dé ní Nàìjíríà, àti ti ìjọba, àti ti ìbílẹ̀, àti ti ẹlẹ́sìn, níbi tí wọ́n ti bá àwọn èèyàn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè. Bí ẹ bá so èèyàn mọ́lẹ̀, kí ẹ kọrin ìyìn yí i ká títí ilẹ̀ á fi mọ́, ẹ kò tíì tọ́jú rẹ̀. Orin tó ń woni ni orin tí aláìsàn fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, tó lè dá dúró nígbà tó bá fẹ́. Ariwo gbohùngbohùn tó ń kan ògiri ilé aládùúgbò kò sí lára rẹ̀. Orin kan náà tó ń tu ẹnìkan lára sì lè rán ẹlòmíràn létí òkú ọjọ́ kan tí kò fẹ́ rántí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí iṣẹ́ náà fi nílò ẹni tó kọ́ ọ.

Ohun tí iṣẹ́ náà nílò wà nílẹ̀ báyìí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìjọ Onítẹ̀bọmi ló dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníwàásù sílẹ̀ ní 1898, wọ́n sì ń kọ́ni ní orin níbẹ̀ títí dòní. Ìjọ kan náà ló dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní 1907, èyí tó di ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Bowen ní 2009. Yunifásítì LAUTECH náà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìlú yìí. Ní Ọ̀yọ́, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1977 láti kọ́ àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti mọ bí a ṣe ń fi sùúrù bá ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́ ṣiṣẹ́, àwọn ọmọ Àyàn sì wà lágbègbè rẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, ti gba ipò òfin 1958 tó kàn ń pe aláìsàn ní wèrè. Mo rọ àwọn ilé ìwòsàn méjèèjì kí wọ́n pe àwọn olórin tó wà nítòsí wọn jókòó, kí wọ́n kọ́ wọn ní ohun tí aláìsàn jẹ́, kí àwọn náà kọ́ dókítà ní ohun tí ìlù jẹ́. Kí wọ́n sì sanwó fún onílù. Ẹni tí à ń náwó fún lóde àríyá kó lè mú orí olówó wú, owó rẹ̀ kò ní ṣòfò bó bá bá dókítà gbé orí ẹni tó sorí kọ́ sókè.

Ìwọ tó ń ka èyí, tí oorun kò kùn ọ́ mọ́, tí àyà rẹ ń já láìsí ohun tó lé ọ, lọ rí dókítà. Bó bá fún ọ ní oògùn, lò ó. Má ṣe dá a dúró nítorí pé o kọrin lánàá tí ara rẹ fúyẹ́. Bí ọkàn rẹ bá ń sọ fún ọ pé kí o pa ara rẹ, má dúró de ọ̀la, sọ fún ẹnìkan lónìí, kí ó mú ọ dé ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, wá ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ àásàlátù tàbí ẹgbẹ́ onílù kan tó sún mọ́ ọ, kí o lọ jókòó tì wọ́n. Bí ẹ bá sì wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, tí ẹnìkan wọlé tí kò la ẹnu, ẹ má bi í ní ìdí. Ẹ fún un ní àga, kí ẹ sì máa bá orin yín lọ.